Wọ́n ní kí n fọ̀rọ̀ wá gbogbo ilé-ìwé lẹ́nu wò lórí ìkórìíra àti ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

ÌyáÌbejì_Àjàṣẹ́ · Ajé, 8:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ní ilé-ìwé girama kan ní agbègbè Ìrẹ́pọ̀dùn, ìpínlẹ̀ Kwara. Ẹ jẹ́ kí orúkọ ilé-ìwé náà wà lábẹ́ ahọ́n mi.

Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, àwọn ọmọ JSS 3 kan dínà mọ́ ọmọkùnrin Fúlàní kan nídìí ẹ̀rọ omi. Wọ́n ní kó lọ bá àwọn màlúù bàbá ẹ̀ mumi, wọ́n pè é lọ́mọ ajínigbé. Ọmọ ọ̀hún fi kẹ́ẹ̀gì gbá ọ̀kan nínú wọn, orí ìyẹn bẹ́. Ẹni tó fi kẹ́ẹ̀gì gbáni nìkan ni wọ́n nà. Láti ọjọ́ náà, ọmọ mẹ́rin tó ń ti gáà, ibùdó àwọn Fúlàní, wá ò yọjú mọ́.

Ibi tá a ti ń wádìí ìyẹn la ti bá òmíràn pàdé. Ọmọbìnrin àfín kan wà ní SS 1 tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ kó jókòó ti òun. Wọ́n fa híjáàbù ọmọ kan ya. Ọmọ kan tí bàbá ẹ̀ ń difá, wọ́n ń pè é lọ́mọ Èṣù.

Púrínsípà ti gbà pé ká kọ òfin kan tó máa de gbogbo èèyàn, ọmọ, olùkọ́ àti òbí. Ìgbìmọ̀ ní àfi ká kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu gbogbo wọn. Èmi ni wọ́n gbé e fún, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n sì fún mi. Mo ti ṣe ìpàdé owó rí, mo ti ṣe ti òrùlé tó ń jò, n ò ṣe irú èyí rí. Báwo la ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀ báyìí tí èèyàn á fi sọ òótọ́, tí ìjà ò sì ní bẹ́ sílẹ̀ mọ́ wa lọ́wọ́?

BàbáTíṣà_Ìgbájà · Ajé, 9:02 alẹ́

Akọ̀wé wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ni kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀rọ̀ yìí ò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ pe ìpàdé gbogbogbò kan, kí kábíyèsí rán ìjòyè kan wá, kí ìmáàmù àti pásítọ̀ jókòó síwájú. Kí púrínsípà ka òfin sí gbogbo wọn létí: ẹni tó bá tún bú ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn ẹnì kejì, ilé ló ń lọ. Ti híjáàbù, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dá ẹjọ́ Kwara ní 2022, ìyẹn ti parí.

Àwọn ọmọ ti ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ látijọ́. Nígbà tiwa, ará Ọ̀fà á ní àwa Ìgbómìnà ò mọ ìjàkadì, àwa náà á dá tiwọn padà fún wọn, a ó sì jọ jẹ ẹ̀wà nínú abọ́ kan. Bí ẹ bá ń bi ọmọdé léèrè jù, ẹ ó fi ohun tí kò sí lọ́kàn wọn sí i lọ́kàn.

Àdùkẹ́_ÒmùÀrán · Ajé, 9:47 alẹ́

Bàbá, ẹ má bínú, ọmọ yín ni mí. Ìpàdé gbogbogbò yẹn gan-an ló fẹ́ tú ilé-ìwé àwọn ọmọ mi ká. Ọdún 2021 ni, lẹ́yìn tí ìjọba ti ilé-ìwé mẹ́wàá pa ní Ìlọrin lórí híjáàbù. Àwọn alákòóso tiwa ní àwọn ò fẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ àwọn, wọ́n kó gbogbo òbí jọ. Ẹni tó kọ́kọ́ gba makirofóònù fi "àwa Mùsùlùmí" bẹ̀rẹ̀, ẹni tó tẹ̀ lé e fi "àwa Onígbàgbọ́" dá a lóhùn. A lo wákàtí mẹ́ta, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ kan ọmọ kankan. Àwọn ìyá tí ọ̀rọ̀ ń dùn jókòó sẹ́yìn, wọ́n ń wolẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ní oṣù Kejì 2022, ni ìjà bẹ́ sílẹ̀ nílé-ìwé kan ní Ìjagbó lórí híjáàbù yìí kan náà, ẹ̀mí sì bá a lọ. Ẹ̀rù máa ń bà mí tí mo bá gbọ́ "ẹ kó gbogbo wọn jọ sójú kan".

Ohun tá a padà ṣe tó gún ni ìjókòó kéékèèké, èèyàn mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Ìyá lọ́tọ̀, bàbá lọ́tọ̀. Ọmọ JSS lọ́tọ̀ sí SS, obìnrin lọ́tọ̀ sí ọkùnrin. Ìyá tó ń ta ẹ̀wà àti búrẹ́dì nínú ọgbà, ọdẹ ẹnu ọ̀nà, ẹ má gbàgbé wọn, wọ́n ń gbọ́ ohun tí olùkọ́ ò gbọ́. Ẹ má fi sí ọjọ́ Jímọ̀, ẹ má fi sí ọjọ́ Ìsinmi, ẹ sì wo ọjọ́ ọjà kẹ́ ẹ má bàa jókòó ti àga lásán.

Ẹ má bi wọ́n pé "ṣé ìkórìíra wà nílé-ìwé wa?" Gbogbo wọn á ní kò sí. Ẹ bi wọ́n pé: ọ̀rọ̀ wo lo gbọ́ lọ́sẹ̀ yìí tó dùn ẹ́, tàbí tó o rí i pé ó dun ẹlòmíì? Ibo lo ti gbọ́ ọ? Àgbàlagbà wo ló wà nítòsí, kí ló sì ṣe? Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yẹn ló tú àṣírí fún wa.

BàbáÀmínà_Gáà · Ìṣẹ́gun, 6:20 àárọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi. Fúlàní ni mí. Kwara ni wọ́n bí mi sí, inú ọjà ni mo ti kọ́ Yorùbá tí mo ń kọ yìí. Mẹ́ta nínú àwọn ọmọ mi ló wà nílé-ìwé ìjọba.

Ìyá Ìbejì, àwọn ọmọ mẹ́rin tẹ́ ẹ ní wọn ò yọjú mọ́ yẹn, mo mọ ohun tó ń lọ nílé wọn lálẹ́. Bàbá ń béèrè pé ṣé ìwé ni òun rán ọmọ òun lọ kọ́ ni, àbí ẹgba ni òun rán an lọ jẹ. Ìyá dákẹ́. Tó bá di ọjọ́ kẹta, wọ́n á fún ọmọ lọ́pàá màlúù, ó parí nìyẹn. Láti ọdún 1989 ni ìjọba àpapọ̀ ti dá àjọ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àwọn darandaran sílẹ̀, kí ọmọ wa lè kàwé. Àwa òbí tá a gbà, a gbà pẹ̀lú ẹ̀rù, nítorí ọmọ tó ń kàwé kò sí nídìí màlúù. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ JSS 3 ṣe da gbogbo ẹ̀ nù nídìí ẹ̀rọ omi.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Ajínigbé tí wọ́n ń pe ọmọ wa yẹn, wọ́n jí ẹ̀gbọ́n tèmi náà gbé. Màlúù mọ́kànlá la tà ká tó rí i gbà padà. Ẹ̀rù tó ń bà yín lójú títì ń ba àwa náà nínú igbó. Kò sẹ́ni tó bi wá léèrè rí.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbọ́ tẹnu wa, ẹ má fi lẹ́tà rán ọmọ. Èdè Òyìnbó lẹ máa ń kọ ọ́, ọmọ tí ọ̀rọ̀ kàn náà la ó sì ní kó kà á fún wa. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ wá. Ẹ kọ́kọ́ rí Séríkí Fúlàní àdúgbò, ẹ wá lẹ́yìn ìrun Màgàríbì tí màlúù ti wọlé. Àwọn ìyàwó wa ò ní sọ̀rọ̀ níwájú wa, ẹ mú obìnrin tó gbédè Fúlàní dání kó bá wọn jókòó lọ́tọ̀. Ẹ má mú ọlọ́pàá tàbí fijilanté tẹ̀ lé ara yín, bó ti wù kí ẹ̀rù bà yín tó.

Ọmọ_Àjíkòbí · Ìṣẹ́gun, 10:31 àárọ̀

Àlàáfíà fún gbogbo wa. Ní Ìlọrin níbí, Yorùbá, Fúlàní, Gàmbàrí, Tápà, gbogbo wọn ló parapọ̀ di wá. Balógun mẹ́rin la ní: Balógun Gàmbàrí, Balógun Fúlàní, Balógun Àjíkòbí, Balógun Àlánàámú. Gàmbàrí kì í ṣe èébú lọ́dọ̀ wa, àdúgbò ni, oyè ni. Ẹ má lọ kọ òfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pe Gàmbàrí o, ọmọ tí bàbá ẹ̀ ń gbé níbẹ̀ á kàn máa wò yín. Bí wọ́n ṣe sọ ọ̀rọ̀ àti ẹni tí wọ́n sọ ọ́ sí ni kẹ́ ẹ wò.

BàbáÀmínà_Gáà · Ìṣẹ́gun, 11:05 àárọ̀

Òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n Fúlàní ni mí, n kì í ṣe Gàmbàrí. Ẹni tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ tó tún ń pariwo "Gàmbàrí!" tẹ̀ lé ọmọ mi lójú ọ̀nà, kì í ṣe oyè ló ń fi í jẹ.

Ọmọ_Àjíkòbí · Ìṣẹ́gun, 11:12 àárọ̀

Mo gbọ́ yín, bàbá. Ohun tí mo ń sọ náà nìyẹn, ẹ̀yin ló mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ jù mí lọ. Ẹ má bínú.

Tíṣà_Bàọ́lọ́jì · Ìṣẹ́gun, 3:40 ọ̀sán

Mo ṣì ń kọ́ni, mo sì fara mọ́ ìjókòó kéékèèké. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni àpótí. Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa dábàá pé kẹ́ ẹ gbé àpótí kalẹ̀ kí àwọn ọmọ máa ju ìwé sí i. Mo ti wà níbi tí wọ́n ti fi irú ẹ̀ ba olùkọ́ kan lórúkọ jẹ́, torí pé ó ká ìwé mọ́ wọn lọ́wọ́ nínú ìdánwò. Tẹ́ ẹ bá máa lò ó, kí ẹni méjì jọ máa ṣí i, kí ọ̀kan má jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé-ìwé. Orúkọ tó bá jáde níbẹ̀, ẹ má kà á sójú ìpàdé. Ẹ lọ fara balẹ̀ wò ó ná.

Àmọ́ ẹ má fo àwa olùkọ́. Mo jókòó nínú yàrá olùkọ́ fún odidi ọdún kan, tá a ń pe ọmọ kan ní "ọmọ Bòròró yẹn". Bí mo ṣe ń máàkì ìwé ẹ̀ náà ni mo ń pè é bẹ́ẹ̀, orúkọ ẹ̀ sì wà lára ìwé níwájú mi. Ọjọ́ tó kúrò, n ò lè rántí orúkọ náà. Kí wọ́n bi wá léèrè, ká sì jókòó láìsí púrínsípà, nítorí ẹni tó ń kọ ìròyìn nípa èèyàn kọ́ lèèyàn ń sọ irú èyí fún.

ÌyáTítí_Ọ̀fà · Ìṣẹ́gun, 8:55 alẹ́

Àfín ni àkọ́bí mi. Gbogbo yín ń sọ ti èébú, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí kì í ṣe èébú.

Ojú ọmọ mi ò ríran jìnnà, ara ẹ̀ ò sì gba oòrùn. Nílé-ìwé tó kọ́kọ́ lọ, ẹ̀yìn ni wọ́n fi í sí torí pé ó ga. Kò rí ohun tí wọ́n kọ sára bọ́ọ̀dù, wọ́n ní olódo ni. Mo ra fìlà olétí gbooro fún un, àwọn pírífẹ́ẹ̀tì gbà á lórí ẹ̀ pé kì í ṣe yunifọ́ọ̀mù. Wọ́n ní kí gbogbo kíláàsì gẹ koríko ní aago kan ọ̀sán, ejìká ọmọ mi bó. Kò sẹ́ni tó bú u lọ́jọ́ náà. Òfin ilé-ìwé ló ṣe é bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, Ìyá Ìbejì, ẹ fi ìbéèrè yìí kún tiyín: òfin wo nínú ọgbà yìí ló ń ni ọ́ lára ju àwọn yòókù lọ? Ẹ bi òbí náà, kì í ṣe ọmọ nìkan. Ìyá kan ló sọ fún ọmọ ẹ̀ pé kó má bá tèmi jẹun, pé àfín ò gbọdọ̀ jẹ iyọ̀, pé ó ń ràn. Kò ràn o! Ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá lọmọ ti ń jogún ẹ̀, àwọn méjèèjì sì lè má jẹ́ àfín. Iyọ̀ ò kàn án rárá. Ẹ mú nọ́ọ̀sì kan wá kó sọ ọ́ fún àwọn òbí lẹ́nu ara ẹ̀. 13 oṣù Kẹfà ni ọjọ́ àwọn àfín lágbàáyé, ẹ lè lò ó bí kò bá jìnnà jù.

Ẹ̀bẹ̀ tí mo fẹ́ bẹ̀ yín nìyí: ẹ má pe ọmọbìnrin SS 1 yẹn jáde ní àsẹ́ńbílì pé kó wá sọ ohun tójú ẹ̀ ń rí. Wọ́n ṣe é fún tèmi, wọ́n rò pé àánú ni. Ó sunkún délé, ó ní òun ò lọ mọ́. Oṣù kan gbáko ni mo fi bẹ̀ ẹ́.

Ọmọ_Awo · Ìṣẹ́gun, 10:18 alẹ́

Ẹ má tẹ fọ́ọ̀mù tó ní àyè Mùsùlùmí àti àyè Onígbàgbọ́ nìkan. Mo kọ ọ̀rọ̀ sínú irú ẹ̀ láti JSS 1 dé SS 3, irọ́ ni mo sì ń pa nínú gbogbo ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ìmáàmù àti pásítọ̀ nìkan lẹ gbé jókòó síwájú, ọmọ onífá yẹn á ti mọ̀ kó tó wọlé pé wọn ò retí òun.

Agbẹjọ́rò_Ìlọrin · Ọjọ́rú, 7:30 àárọ̀

Bàbá Tíṣà, mo tọrọ gáfárà. Ẹjọ́ tẹ́ ẹ mẹ́nu bà, Èkó ló ti wá, kì í ṣe Kwara. 17 oṣù Kẹfà 2022 ni wọ́n dá a, adájọ́ márùn-ún fara mọ́ híjáàbù, méjì ò fara mọ́ ọn. Gbogbo ilé-ẹjọ́ tó kù nílẹ̀ yìí ló ń tẹ̀ lé ohun tí wọ́n bá sọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìdájọ́ ò lè kọ́ ọmọ méjì bí wọ́n ṣe máa jókòó sórí bẹ́ńṣì kan.

Ìyá Ìbejì, ohun tó kàn yín nìyí. Abala 42 nínú ìwé òfin 1999 ní wọn ò gbọdọ̀ torí ẹ̀yà, ìlú, ẹ̀sìn, akọ tàbí abo, tàbí bí wọ́n ṣe bíni fi nǹkan du èèyàn. Abala 38 ní wọn ò gbọdọ̀ fi túláàsì mú akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn tí kì í ṣe tiẹ̀ tàbí ti àwọn òbí ẹ̀ fọwọ́ sí, tàbí kó bá wọn ṣe ìjọsìn ẹ̀. Òfin tó ka fífi ìyà jẹ abirùn léèwọ̀ náà wà, oṣù Kìíní 2019 ni ààrẹ buwọ́ lù ú. Torí náà ẹ má béèrè lọ́wọ́ àwọn òbí pé "ṣé kí ọmọ Fúlàní máa pọn omi níbí?" Kò sí nínú ohun tẹ́ ẹ lè dìbò lé lórí. Bí ẹ ṣe máa dáàbò bò ó ni kẹ́ ẹ béèrè. Ẹ sọ èyí nígbà tẹ́ ẹ bá ń ṣí ìjókòó, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìbò ló wá dì.

"Ilé ló ń lọ" tí Bàbá sọ, ẹ má kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ bí ẹ ṣe máa gbọ́ tọ̀tún tòsì kẹ́ ẹ tó fìyà jẹ ẹnikẹ́ni.

ÌyáÌbejì_Àjàṣẹ́ · Ọjọ́rú, 1:15 ọ̀sán

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ìyá mẹ́ta pè mí láàárọ̀ yìí, wọ́n ní mo ń gbé ìjà tó ti sùn dìde. Ọkàn mi ò balẹ̀. Lórí ti àwọn ọmọ, ṣé kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ni àbí kí wọ́n sọ ọ́ lẹ́nu?

Jáde2023 · Ọjọ́rú, 4:02 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. 2023 ni mo jáde girama ní Ìlọrin. Ìyá wa, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ ṣètò ẹ̀. Olùkọ́ mọ ìwé ọwọ́ wa. Nítorí náà, ẹ lo ìbéèrè tí ọmọ á kàn fi àmì sí, kí àlàfo tí wọ́n máa kọ̀wé sí má pọ̀. Kí gbogbo kíláàsì kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹni tí kò ní ohunkóhun sọ náà jókòó kó máa kọ nǹkan, kí ẹnikẹ́ni má lè sọ pé "lágbájá kọ̀wé pẹ́". Kí pírífẹ́ẹ̀tì má gbà á. Ẹ má béèrè ẹ̀yà lórí ìwé náà. Tó bá jẹ́ ọmọ Ìgbò kan ṣoṣo ló wà ní SS 2, ẹ ti kọ orúkọ ẹ̀ nìyẹn.

Fún àwọn kékeré JSS 1, ẹ ya àwòrán ọgbà ilé-ìwé fún wọn: ẹ̀rọ omi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, pápá, ẹ̀yìn kíláàsì, ojú ọ̀nà. Ẹ ní kí wọ́n fi X sí ibi tí ẹ̀rù ti ń bà wọ́n. Wọ́n ṣe é fún wa lẹ́ẹ̀kan, gbogbo X ló lọ sí ẹ̀yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọkùnrin. Kò sí olùkọ́ tó mọ̀ pé ohunkóhun ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ sì béèrè ti WhatsApp. Wọ́n fi àwòrán ọmọ Ìgbò kan nínú kíláàsì wa ṣe sítíkà, gbogbo wa rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó kúrò nínú gúrúùpù náà lóru. Kò sẹ́nì kankan nínú wa tó bi í pé kí ló dé. Mo ṣì ń rántí ẹ̀.

Àdùkẹ́_ÒmùÀrán · Ọjọ́rú, 5:26 ìrọ̀lẹ́

Mo kín Jáde lẹ́yìn, àfi ohun kan. Kíkọ nìkan ò tó. Àwọn kan wà tí ìwé kíkọ nira fún, àwọn ni wọ́n sì sábà ń fìyà jẹ jù. Ẹ ṣe méjèèjì, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ọmọ yàn bóyá Yorùbá ni òun fẹ́ fi sọ ọ́. Tí ọmọ bá sọ fún yín pé ẹnì kan ń lu òun, tàbí nǹkan tó burú ju lílù lọ, ẹ má ṣèlérí fún un pé ẹ ò ní sọ fẹ́nikẹ́ni. Ẹ sọ fún un ṣáájú pé àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ gbé síwájú kó lè rí ààbò. Àwọn ìyá mẹ́ta yẹn, ẹ lọ kí wọn nílé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ má bá wọn sọ ọ́ lórí fóònù.

BàbáTíṣà_Ìgbájà · Ọjọ́rú, 9:10 alẹ́

Mo gba àtúnṣe lórí ẹjọ́ Èkó. Ti àwàdà àwa àti ará Ọ̀fà náà, mo rò ó lálẹ́ àná. Àwa àti wọn pọ̀ tó ara wa, a lè dá a padà. Ọmọ kan ṣoṣo láàárín ogójì ò rí ẹni tó máa bá a dá a padà. Mo fà á sẹ́yìn.

Àmọ́ mo ní ohun kan tí n ò ní yí padà lórí ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti pọ̀ jù fún àwọn ọmọ mẹ́rin yẹn. Ẹ fi olùkọ́ kan sídìí ẹ̀rọ omi lọ́la. Ẹ má dúró de fọ́ọ̀mù kankan kẹ́ ẹ tó ṣe ìyẹn. Kí púrínsípà fẹsẹ̀ ara ẹ̀ lọ sí gáà. Ẹni tó nà án ló yẹ kó lọ, ẹ má rán igbákejì. Kí wọ́n sì pe àwọn ọmọ JSS 3 tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ pẹ̀lú àwọn òbí wọn, nítorí apá kan ṣoṣo ni wọ́n nà, gbogbo ilé-ìwé ló sì rí i. Bí wọn ò bá tún ìyẹn ṣe, kò sí ọmọ tó máa kọ òótọ́ sórí ìwé yín.

ÌyáÌbejì_Àjàṣẹ́ · Ẹtì, 7:48 alẹ́

Mo tẹ gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ jáde, mo pín in fún ìgbìmọ̀. Ti Bàbá Tíṣà la kọ́kọ́ mú lò. Láti àná ni olùkọ́ kan ti ń wà nídìí ẹ̀rọ omi nígbà ìsinmi.

Lálẹ́ àná, lẹ́yìn Màgàríbì, púrínsípà, èmi àti Séríkí lọ sí gáà. Púrínsípà fẹnu ara ẹ̀ sọ fún bàbá ọmọ náà pé òun ò gbọ́ tẹnu ọmọ kí òun tó nà án, pé òun ṣe àṣìṣe. Bàbá ò fèsì fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó yá, ó ní kí wọ́n gbé fúrá wá fún wa. Láàárọ̀ yìí, mẹ́ta nínú àwọn ọmọ mẹ́rin wọlé. Ìkẹrin ti bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ kó màlúù lọ sí apá Kàyámà, Séríkí ní òun á ránṣẹ́ sí wọn.

Àwọn òbí ọmọ JSS 3 ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ìyá kan nínú wọn ti ń bínú, ó ní orí ọmọ òun ló bẹ́. Òótọ́ ni, mo sì máa gbọ́ tiẹ̀ náà. Méjì nínú àwọn ìyá mẹ́ta ti gbà láti jókòó pẹ̀lú wa. Ìgbìmọ̀ ti sọ fún àwọn pírífẹ́ẹ̀tì pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gba fìlà lórí àfín mọ́, ọmọbìnrin náà sì ti wà ní ìlà iwájú. A ti pa àyè ẹ̀sìn rẹ́ kúrò nínú fọ́ọ̀mù. Nọ́ọ̀sì la ṣì ń wá.

Ìjókòó àwọn ìyá ní gáà jẹ́ Ọjọ́rú tó ń bọ̀. Obìnrin tó gbédè Fúlàní dáadáa, tó sì wà nítòsí Àjàṣẹ́, kó jọ̀wọ́ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀. A máa sanwó ọkọ̀.